Atẹ́gùn Ilé Ẹja

Kò tíì pẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́ tí Tèmilọlá ti fìdí lé àpótí lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìkìrun, tó gbé abọ́ omi ọṣẹ síwájú, tó ń fọ asẹ́ ẹ̀rọ ọ́síjìn bàbá rẹ̀. Méjì ni asẹ́ náà. Ọ̀kan wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, fóòmù dúdú pẹlẹbẹ kan báyìí ni, ṣùgbọ́n bí eruku bá dí i, ẹ̀rọ á máa mí bí ẹni tí wọ́n fi àpò bò lórí. Ó fún un, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e sókè wo ìmọ́lẹ̀, ó tún rì í bọ omi.

Fíríìjì ni Tèmilọlá ń tún ṣe jẹun. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ. Ó kàn ń tú wọn ni, ó ń wò wọ́n, ó ń tò wọ́n padà. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ yìí wálé, ó tú òun náà wò kí ẹnikẹ́ni tó gbà á láyè, ohun tó sì rí nínú rẹ̀ dùn mọ́ ọn ju fíìmù lọ. Wọn kò ki ọ́síjìn kankan sínú rẹ̀! Atẹ́gùn inú yàrá kan náà, èyí tí adìẹ àti ewúrẹ́ ń mí, ni ẹ̀rọ ń fà. Agolo méjì wà nínú rẹ̀ tó kún fún hóró funfun wẹ́wẹ́. Bí atẹ́gùn bá ń gba àárín hóró wọ̀nyí kọjá, wọ́n á di apá tí bàbá kò nílò mú, wọ́n á jẹ́ kí ọ́síjìn kọjá lọ. Bí agolo kìíní bá ń sẹ́ atẹ́gùn, ìkejì á máa tu èyí tó dì mú dà nù. Ìdí nìyẹn tó fi ń dún ṣẹ̀ẹ̀-pù, ṣẹ̀ẹ̀-pù tọ̀sán tòru. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: iná ló ń jẹ.

Iná kò sì sí. Tiransifọ́mà àdúgbò ti jó láti ọjọ́ mọ́kànlá. Àwọn ará àdúgbò ti ṣèpàdé lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ti yan alága. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n gbé sí ìdí ìbẹ́pẹ, ní ìpẹ̀kun ọgbà níbi tí èéfín rẹ̀ kò ti ní dé fèrèsé, ló ń bọ́ ẹ̀rọ bàbá.

Ibi tó ti ń fún asẹ́ ní ìgbà kẹta ló ti gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ kérora. Ó kérora bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Òórùn wáyà tó jó gba gbogbo ọgbà.

Tèmilọlá sáré wọlé. Ìyá rẹ̀, Ojúọlá, dúró ti tábìlì, ó mú áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Sùtánà funfun ni ó tẹ́ síwájú.

"Màámi! Kí lẹ kì bọ iná?"

"N kò ki nǹkan kan bọ ọ́. Áyọ́ọ̀nù ni."

"Áyọ́ọ̀nù! Iná tí áyọ́ọ̀nù kan ń jẹ tó ti ẹ̀rọ Bàbá mẹ́ta! Jẹnẹrétọ̀ tí kò lè gbé ju ìdajì rẹ̀ lọ lẹ so ó mọ́?"

"Ẹgbẹ́ àdúrà ń bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án," ni Ojúọlá wí. Kò gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lọ́wọ́. "Ṣé nínú aṣọ rírún ni kí Ẹ̀mí Mímọ́ wá bá bàbá rẹ?"

Orí bẹ́ẹ̀dì, láàárín ìrọ̀rí mẹ́ta, ni Oyèdélé wà, ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín nínú ihò imú rẹ̀ méjèèjì. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í lọ ni dókítà pe tirẹ̀. Àtirìn láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà dà bí àtigun òkè fún un. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ó... jó... sùtánà náà?"

"Kò jó o, Bàbá Ayọ̀. Mo ti lọ̀ ọ́ tán, ó ku apá òsì."

"Ó dáa."

Tèmilọlá ti wà lórí eékún rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ń tì í bọ ẹnu sìlíńdà ọ́síjìn kékeré tí wọ́n fi pamọ́ fún ọjọ́ burúkú. Ó tú ẹnu rẹ̀, ó gbọ́ tó sín fíín, ó wo abẹ́rẹ́ tó ń fi iye tó kù hàn. Ìdá mẹ́rin kan ló kù nínú rẹ̀. Ó ṣírò lórí ìka: lítà méjì ní ìṣẹ́jú kan, bí dókítà ṣe pàṣẹ. Yóò tó wákàtí mẹ́rin, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago méje ààbọ̀ ló ń lù. Bó bá fi máa di aago mọ́kànlá ààbọ̀ tí wọn kò tíì rí iná tàbí ọ́síjìn mìíràn, bàbá rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rì lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ìyá Fọláfúnmi, aládùúgbò wọn, yọ orí lójú fèrèsé. Òun ló ti ń pariwo láti ọjọ́ mọ́kànlá pé ariwo jẹnẹrétọ̀ wọn kò jẹ́ kí òun sùn.

"Ìyá Ayọ̀, mo gbọ́ tí ẹ dákẹ́. Ṣé kò sí o? Àyà mi já. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yín ló jí mi."

"Jẹnẹrétọ̀ ló jó," ni Ojúọlá wí.

"Áà! Kí ló jó o?"

Ojúọlá rọra ti áyọ́ọ̀nù sẹ́yìn abọ́ ẹ̀kọ. "Ayé ni," ló wí.

Tèmilọlá pe ilé ìwòsàn kan lórí fóònù. Ohùn obìnrin kan tó ń jẹ nǹkan lẹ́nu dá a lóhùn. Ọ́síjìn wà, ó kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n inú ilé ìkẹ́rù ló wà, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti lọ sí ìnáwó ní Ìbàdàn.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Kí ni kí bàbá mi ṣe títí di ọjọ́ Ajé, ẹ jọ̀ọ́ mà?"

Obìnrin náà rò ó. Tèmilọlá gbọ́ bó ṣe ń rò ó, tó ń gbé nǹkan mì. "Ẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀," ló wí.

Nígbà náà ni Tèmilọlá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Ayọ̀dèjì, tíṣà ní Ìnísà. Ayọ̀dèjì kì í pẹ́ ronú. Kí ó tó di aago mẹ́jọ ààbọ̀, ọ̀kadà kan wọ ọgbà pẹ̀lú ariwo, wọ́n fi rọ́bà de sìlíńdà gíga kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, Ayọ̀dèjì sì jókòó lé sìlíńdà náà lórí bí ẹni gun ẹṣin. Ó wọ táì. Àkànjí ni orúkọ ọlọ́kadà náà. Ó ti ń làágùn.

"Ó ti bùṣe!" ni Ayọ̀dèjì kígbe. "Mo ti rí ọ́síjìn. Gbé rọ́bà wá."

Tèmilọlá wò ó. Ẹnu iná tí wẹ́dà fi ń jó irin ṣì wà lára rẹ̀.

"Bùọ̀dá mi, ti wẹ́dà lẹ gbé wá yìí."

"Wẹ́dà yá mi ni. Mo gbọ́dọ̀ dá a padà ní ọ̀sán. Mọ́tò kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ti gé sí méjì. Wò ó, ọ́síjìn ni wọ́n kọ sí èyí lára. Ọ́síjìn ni dókítà kọ sínú ìwé. Kí ló tún kù?"

Tèmilọlá fi ìka nu ẹnu sìlíńdà náà, ó gbé ìka náà sí i lójú. Òróró dúdú ni. "Òróró àti ọ́síjìn kì í gbé ẹnu kan náà. Bí ẹ bá tú u, kò ní bi yín léèrè kó tó gbiná. Àti pé ta ló mọ ohun tó ti gba inú rẹ̀ rí? Èyí tí wọ́n ń fi fún ènìyàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí, irin nìkan ló ń mí in."

"Ìwọ sáà lo mọ̀wé jù nínú ilé yìí! Ó dáa, kí la fẹ́ ṣe? Kí á jókòó máa wò ó?"

Láti orí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni Oyèdélé ti sọ̀rọ̀. "Ayọ̀dèjì... èmi... kì í ṣe... bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Àkànjí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀kadà mú. Ayọ̀dèjì kò rẹ́rìn-ín. Ó tú táì rẹ̀, ó jókòó sórí sìlíńdà wẹ́dà, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojúọlá gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún ọkọ rẹ̀. Bó bá mu ṣíbí kan, á sinmi. Bó bá sinmi tán, ẹ̀kọ á ti tutù.

Ní aago mẹ́sàn-án gééré, ẹgbẹ́ àdúrà dé láti ìjọ Aládùúrà wọn. Obìnrin mẹ́rin ni, nínú sùtánà funfun tó mọ́ nigínnigín, wọ́n bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, Ìyá Dúpẹ́olúwa sì ṣíwájú wọn. Wòlíì ti rán wọn: àbẹ́là méje yí bẹ́ẹ̀dì ká, tùràrí ní ẹsẹ̀, Sáàmù mẹ́ta. Ìyá Dúpẹ́olúwa ti yọ ìṣáná, ó ti ṣá a, kó tó kí ará ilé.

Tèmilọlá fò bí ológbò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa iná náà.

"Ẹ má tan iná níhìn-ín, mà! Ọ́síjìn ló ń jáde yìí. Bí iná bá tó igi ìṣáná, á di ti ààrò. Aṣọ, bẹ́ẹ̀dì, irun orí..."

"Iná Olúwa kì í jó ọmọ Olúwa."

"Iná Olúwa kọ́ ni. Ìṣáná ni. Owó ni wọ́n fi rà á."

"Ojúọlá, ṣé o ń gbọ́ bí ọmọ rẹ ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀?"

Ojúọlá gbọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tí iná ti jó, ó wo òrùlé. A kì í fi iná sórí òrùlé kí a sùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òwe ni obìnrin ń pa fún Ìyá Àdúrà.

"Wòlíì sọ pé àbẹ́là méje," ni Ìyá Dúpẹ́olúwa wí. "Ìmọ́lẹ̀ méje. N kò lè padà lọ sọ fún un pé mo gbàdúrà nínú òkùnkùn."

"Tan..." ni Oyèdélé wí. Gbogbo wọn yíjú. "Tan... fóònù."

Wọ́n ro ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Dúpẹ́olúwa fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹnu aláìsàn ló ti jáde, aláìsàn ló sì ni àdúrà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì. Ti ẹgbẹ́ àdúrà jẹ́ méjì, ti Ayọ̀dèjì ṣe ìkẹta, ti Tèmilọlá ìkẹrin, ti Ojúọlá ìkarùn-ún. Ìyá Fọláfúnmi na tirẹ̀ wọlé láti ojú fèrèsé, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́ nítorí kò ní bátìrì púpọ̀. Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n wo Àkànjí.

"Mùsùlùmí ni mí o," ni Àkànjí wí.

"Ṣé fóònù rẹ náà kírun ni?" ni Ìyá Dúpẹ́olúwa béèrè.

Àkànjí fi fóònù sílẹ̀. Wọ́n to méje yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n dojú ìmọ́lẹ̀ wọn kọ òrùlé, Sáàmù sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé "Àmín", ohùn Àkànjí ló ròkè jù. Láàárín àdúrà, fóònù Ayọ̀dèjì dún. Wẹ́dà ló ń béèrè sìlíńdà rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Bí wọ́n ti parí Sáàmù kìíní, ojú Ìyá Dúpẹ́olúwa já sí ẹnu sìlíńdà níbi tí ọmọ bọ́ọ̀lù kékeré kan ti ń jó nínú gíláàsì tó ń ka iye lítà. "Méjì? Méjì nínú mẹ́wàá? Ẹ̀yin ọmọ yìí ahun o! Ẹ yí i sí mẹ́wàá kí ara bàbá yín yá kíá!" Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lọ́nà.

Tèmilọlá di ọwọ́ náà mú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ forí jì mí, mà. Irú ẹ̀dọ̀fóró Bàbá yìí, bó bá ti pọ̀ jù, ara á gbàgbé láti mí fúnra rẹ̀. Oorun á gbé e, kò ní jí. Àti pé bí ẹ bá yí i sí mẹ́wàá, yóò tán kí ẹ tó ka Sáàmù mẹ́ta tán. Ẹ wo abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀."

Wọ́n wò ó. Bí ènìyàn bá wò ó pẹ́, a rí i tó ń rìn. Ẹni tí èémí kò tó kì í gbọ́ ìwàásù. Sáàmù kejì àti ìkẹta, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni wọ́n fi kà wọ́n.

Lẹ́yìn Àmín ìkẹyìn ni Tèmilọlá rí ọ̀nà. Ó ti ń wá iná tí kò gbára lé tiransifọ́mà, tí kò gbára lé epo. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ti so irú iná bẹ́ẹ̀ rí.

"Òkukù," ló wí. "Ilé ẹja Àǹtí Morádéyọ̀. Sólà ni, bátìrì mẹ́rin, èmi ni mo ń tún fírísà wọn ṣe."

Morádéyọ̀ ni àbúrò Oyèdélé obìnrin, gbogbo ẹbí ló sì mọ̀ pé òun àti Ojúọlá kì í kí ara wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti jà lórí ẹja kan. Ẹgbẹ́ àdúrà gan-an mọ̀ ọ́n. Ojúọlá mú sùtánà ọkọ rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ká a. Ó tú u, ó tún ká a, ó fi àtẹ́lẹwọ́ na apá òsì tí áyọ́ọ̀nù kò dé.

"Ṣé àga wà níbẹ̀ fún bàbá yín?" ló béèrè.

"Wọ́n ní àga, Màámi."

"Ẹ jẹ́ kí á lọ."

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù nígbà tí wọ́n rí bọ́ọ̀sì kékeré. Awakọ̀ rí sìlíńdà, ó ní gáàsì ìdáná kò lè wọ ọkọ̀ òun. Tèmilọlá fi ẹnu rọ́bà kan an nímú. Ó mí i, ó ní ó tutù, ó ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n gbé Oyèdélé sí iwájú nínú sùtánà rẹ̀, sìlíńdà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà wà lórí itan Ayọ̀dèjì. Ẹgbẹ́ àdúrà ní àwọn kò lè dá iṣẹ́ Ọlọ́run dúró láàárín ọ̀nà, wọ́n kún ẹ̀yìn, wọ́n gbé orin. Àkànjí tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú sìlíńdà wẹ́dà, nítorí kò sẹ́ni tó tíì sanwó fún un, àti nítorí ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Gbogbo ẹni tó rí wọn lọ́nà ṣí fìlà.

Ní oríta Ìnísà, Àkànjí yà lọ dá sìlíńdà padà, ó ní òun á bá wọn lọ́hùn-ún. Ọkùnrin kan tó fi ìwé tíkẹ́ẹ̀tì há abíyá na igi dí ọ̀nà.

"Ẹrù wo lẹ gbé?"

"Atẹ́gùn ni," ni awakọ̀ wí.

Onítíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, ó fi igi lu sìlíńdà. "Ó ń dún bí òfìfo."

"Atẹ́gùn ló wà nínú rẹ̀, kí lo fẹ́ kó dún bí?" ni Ayọ̀dèjì wí láti abẹ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ rà á àbí ẹ kò rà á?"

"A rà á."

"Ohun tí a bá rà, ọjà ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà."

Oyèdélé gbé ojú sókè. "Èyí tí mo... ti mí... sínú... ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rò ó tinútinú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. "Ìyẹn ti di ti ara yín, bàbá. Èyí tó wà nínú irin là ń sọ."

Tèmilọlá ń wo abẹ́rẹ́. Ó ti wọ ibi pupa. Ó há ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo èémí mọ́ ìka bàbá rẹ̀: márùndínláàádọ́rùn-ún. Dókítà ní kó má lọ sílẹ̀ ju méjìdínláàádọ́rùn-ún lọ. Onítíkẹ́ẹ̀tì ń wá bírò. Bírò kọ̀. Ó ń gbọ̀n ọ́n.

Ojúọlá na owó jáde láti ojú fèrèsé. "Gbà. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé o gbowó orí èémí lọ́wọ́ ọkọ mi ní Ìnísà. Kọ ọ́ dáadáa, torí màá fi han ẹni tó bí ọ."

Onítíkẹ́ẹ̀tì gbé igi kúrò lọ́nà. Kò kọ nǹkan kan.

Morádéyọ̀ wà lẹ́nu ilé ẹja rẹ̀ ní Òkukù, ó so ọ̀rá mọ́ iwájú, ó gbé àdá sókè láti la pàǹlá dídì, nígbà tí ọkọ̀ kan dúró tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu àwọn aláṣọ funfun jáde. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè! Ta ló kú?"

"Kò tíì..." ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí láti iwájú ọkọ̀, "...yá."

Tèmilọlá kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé nínú èémí kan. Morádéyọ̀ gbọ́ ọ dé òpin. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, omi yọ lójú rẹ̀. Ó wo fírísà rẹ̀ méjèèjì, omi náà padà.

"Bùọ̀dá mi, mo fẹ́ràn yín. Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹja ni mo fi gbogbo owó mi rà. Bí bátìrì bá rẹ̀, tí ẹja bá rà, èmi náà á tẹ̀ lé yín sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà."

Ojúọlá dúró lẹ́yìn, ó di àpò aṣọ mọ́ àyà. Kò bẹ̀bẹ̀. Kò sì lọ.

Tèmilọlá ti ṣí fírísà. Ọ̀kan kún dé ìdajì, èkejì kò tó bẹ́ẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ wò ó. Ẹ ń fi iná fírísà méjì tọ́jú ẹja fírísà kan, ìyókù atẹ́gùn lásán lẹ ń sọ di yìnyín. Ẹja tó bá dì, tó fún pọ̀ mọ́ra, òun fúnra rẹ̀ ni yìnyín ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀kan kí á pa èkejì. Iná tí èkejì ń jẹ, òun ni mo fẹ́. Ẹ̀rọ Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ."

"Bí ó bá rà ńkọ́?"

"Kí ẹ gba gbogbo irin iṣẹ́ mi."

Morádéyọ̀ mọ iye tí irin iṣẹ́ ń jẹ́ fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ó gbá ìdérí fírísà sẹ́yìn. "Ẹ kó o!"

Nítorí kò sí àkókò, gbogbo ọwọ́ ni wọ́n lò. Ẹgbẹ́ àdúrà tò sí ìlà kan láti fírísà dé fírísà, láìwọ bàtà, nínú sùtánà, kòtè dídì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ bí búrẹ́dì. Ìyá Dúpẹ́olúwa gbé orin kí iṣẹ́ lè yá, àwọn tó kù gbè é. Ẹ̀jẹ̀ ẹja ń kán sí àwọn aṣọ funfun. Ayọ̀dèjì tó wà ní ìparí ìlà ń to ẹja bí ìwé sórí pẹpẹ. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fírísà kan kún bámú, èkejì ṣófo.

Inú ilé ẹja tutù ju èyí tí àyà Oyèdélé lè gbà; ìta, lábẹ́ igi fùrúùtù, ni wọ́n gbé àga sí. Tèmilọlá so rọ́bà méjì pọ̀, ó tẹ́ ẹ láti inú ilé gba ojú fèrèsé jáde. Ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá ni; ẹ̀rọ náà lè fẹ́ ẹ dé ibẹ̀. Ó dúró gbọ́ fírísà. Kò ní tan ẹ̀rọ nígbà tí fírísà ń lọ, kí méjèèjì má fa iná lẹ́ẹ̀kan náà. Fírísà kùn, ó kùn, ó dákẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì.

Ẹ̀rọ náà han pííí. Iná pupa tàn lójú rẹ̀.

"Kí ló ń ké sí?" ni Morádéyọ̀ kígbe.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni. Hóró inú rẹ̀ kò tíì mú atẹ́gùn tó. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan."

Abẹ́rẹ́ sìlíńdà jókòó lórí òdo. Fíín tó ń sín tín-ín-rín, ó tín-ín-rín sí i, ó sì dákẹ́. Tèmilọlá yí rọ́bà. Ó kọ́kọ́ ki ẹnu rẹ̀ bọ ife omi. Omi náà hó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Atẹ́gùn ń dé. Ó fi í sí bàbá rẹ̀ nímú. Ìka: mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ètè Oyèdélé ń dúdú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni ń gún nǹkan. Ojúọlá di ẹsẹ̀ àga mú bí ẹni pé àga ló fẹ́ ṣubú.

Iná pupa kú. Iná aláwọ̀ ewé tàn.

Ṣẹ̀ẹ̀-pù. Ṣẹ̀ẹ̀-pù.

Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Méjìdínláàádọ́rùn-ún. Ó dúró díẹ̀. Àádọ́rùn-ún. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, ibẹ̀ ló sì jókòó sí. Morádéyọ̀ wọlé lọ, ó gbé àga kejì jáde, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó nu ún.

"Ìyàwó," ló wí, kò wo ojú rẹ̀. "Jókòó."

"Ẹ ṣé," ni Ojúọlá wí. Ó jókòó.

Ìgbà yìí ni àwọn ará Òkukù ti pé, Àkànjí náà sì ti dé láàárín wọn. Ohun tí wọ́n rí ni arúgbó kan nínú sùtánà funfun tó jókòó bí ọba lábẹ́ igi, tí rọ́bà kan ti inú ilé ẹja jáde wá wọ imú rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń tàn sí i bí wọ́n ti ń wò ó.

"Kí ni wọ́n ń fà fún bàbá yẹn láti inú fírísà?"

"Atẹ́gùn ẹja ni. Ó ń la àyà."

"Irọ́ o! Ẹ wo ètè rẹ̀. Ó dúdú nígbà tí mo dé."

"Ẹ̀rọ ni!" ni Tèmilọlá wí. "Atẹ́gùn lásán ló ń fà, kò kan ẹja!" Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó nàka sí ẹ̀rọ, ó ṣàlàyé agolo méjì àti hóró funfun. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n kí i pé ó mọ̀wé, wọ́n yíjú sí Morádéyọ̀.

"Àǹtí, pàǹlá ni àbí kòtè?"

Morádéyọ̀ la ẹnu láti sọ òótọ́. Ó wo fírísà tó kún bámú. Ó pa ẹnu dé, ó gbé àdá.

"Kòtè," ló wí.

Kí aago méjì tó lù, kò ku ìrù ẹja kan. Àwọn tí kò rí rà ń béèrè bóyá ó máa wà lọ́la. Kì í ṣe ẹja ni wọ́n ń sọ, bàbá ni. Ojúọlá din èyí tó fi pamọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì. Oyèdélé jẹ ẹ́ tán kó tó tutù. Ó lá ìka. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀.

"Morádéyọ̀, láti ìgbà tí ìwọ ti wà lọ́mọdé ni mo ti ń sọ fún ọ pé ẹja tí o bá fẹ́ kí ènìyàn jẹ, kí o yọ ìpẹ́ rẹ̀ dáadáa kí o tó gbé e fún ìyàwó mi, kì í ṣe kí o máa gé e gẹ́gẹ́gẹ́ bí ẹni ń gé igi ìdáná."

Kò sinmi láàárín rẹ̀. Ìyá Dúpẹ́olúwa pariwo "Àmín!" kó tó mọ̀ pé èébú ni. Ojúọlá bo ojú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Morádéyọ̀ nu ọwọ́ mọ́ ọ̀rá iwájú rẹ̀. "Ìpẹ́ ti wọnú etí mi, Bùọ̀dá mi. Yàrá wà lẹ́yìn. Fírísà òfìfo yẹn kò ní jẹ iná ní òru, ẹ̀rọ yín ni kó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: aago mẹ́jọ ni mo ń ṣílé. Sùtánà, kó funfun. Kí ẹ sì jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń rí yín láti títì."

Oyèdélé wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ béèrè bóyá wọ́n ní áyọ́ọ̀nù níbẹ̀. "Rárá o, Màámi!" ni Tèmilọlá wí.

Báyìí ni ẹni tí ilé ìwòsàn kò rí kọ́kọ́rọ́ ṣí fún ṣe ríṣẹ́ nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó ń ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin ní ilé ẹja Òkukù. Èémí ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú kòtè kan lóòjọ́, tí wọ́n ti yọ ìpẹ́ rẹ̀.